Àjèjì Tí Fíìmù Dracula Ti 1992 Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn

Ọdún 1897 ni Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tẹ ìwé Dracula jáde, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fi ìtàn òkú amùjẹ̀ yìí ṣe fíìmù lóríṣiríṣi. Èyí tí Francis Ford Coppola ṣe ní ọdún 1992 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó fi orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an kún àkọlé rẹ̀, Bram Stoker's Dracula. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣèlérí fún àwa tí a fẹ́ràn ìwé náà, ìlérí yẹn ni mo sì fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló mú mi fẹ́ràn ìwé náà, orí kejì ni. Jonathan Harker, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ilé tí Dracula fẹ́ rà nítòsí London, wọ yàrá ìkàwé ọkùnrin náà ní Transylvania (tó wà ní Romania lónìí), ó sì bá a níbi tó nà gbalaja sórí àga, tó ń ka ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé òfin ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìwé àdírẹ́sì àwọn ará London náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ni ín kò tíì tẹ ilẹ̀ ọ̀hún rí. Ó ní inú ìwé nìkan ni òun ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bẹ Harker pé kí ó máa tún ọ̀rọ̀ ṣe sí òun lẹ́nu. Ní ìlú tòun, ó ní, ìjòyè ni òun, tẹrú tọmọ ló mọ òun. Ṣùgbọ́n àjèjì ní ilẹ̀ onílẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dákẹ́ lójijì nítorí pé òun la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí mo rí ni ká máa gbé fóònù, àwọn tó ń pè a sì dákẹ́ díẹ̀ bí mo bá ti kí wọn tán, wọn a wá béèrè bóyá ẹlòmíràn wà nítòsí tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kàwé gboyè ní Ìbàdàn ni mo sì ń sọ. Lóru, mo máa ń tan rédíò, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn sọ títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwa tí a gbọ́ ìtàn àkúdàáyà ní kékeré mọ ẹni tó kú ní ìlú rẹ̀, tó ṣí lọ síbi tí ojú kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣòwò, tó ń bímọ, tó sì ń sá fún ọjọ́ tí wọn yóò dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí Dracula fi yé mi kíákíá.

Coppola kò dúró sí ibi tí mo dúró sí yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ọdún 1462: ìyàwó Dracula, Elisabeta, gbọ́ irọ́ pé ọkọ òun ti kú sójú ogun, ó sì kó sódò, ọkọ dé, ó kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Nígbà tí ó wá rí àwòrán Mina, àfẹ́sọ́nà Harker, ìyàwó rẹ̀ ló rí tó padà wáyé, ìrìn àjò London sì di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kò sí èyí nínú ìwé Stoker. Èmi kò kọ àtúnwáyé. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Ìyábọ̀ kò lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ẹbí rẹ̀ ni ẹni tó lọ máa ń padà sí, kì í lọ dúró de ọkọ àtijọ́ ní ilé àjèjì.

N kò ní fi ẹ̀tọ́ fíìmù náà dù ú. Ó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta, ó sì tọ́ sí i, pàápàá fún aṣọ tí Eiko Ishioka, ọmọ Japan, rán. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́ àrà inú rẹ̀ ni wọ́n fi ọgbọ́n kámẹ́rà àtijọ́ ṣe láìlo kọ̀ǹpútà: Gary Oldman, tó ṣe Dracula, dúró jẹ́ẹ́, òjìji rẹ̀ lórí ògiri ń nawọ́ sí ọrùn Harker. Títí di òní, ara mi máa ń bù máṣọ bí mo bá rí i.

Ohun tó dùn mí ni pé Stoker fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà àánú sílẹ̀. Mina inú ìwé bẹ àwọn tó ń lépa Dracula pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀, ó sì rí àlàáfíà lójú rẹ̀ nígbà tó ń kú. Kò níláti jẹ́ ìyàwó rẹ̀ kí ó tó rí i bẹ́ẹ̀. Bí Coppola bá jẹ́ kí á rí ọkùnrin tó ń fi ìwé àkókò rélùwéè kọ́ ìlú onílùú, tó kó àpótí erùpẹ̀ ilé rẹ̀ 50 sọdá òkun nítorí pé kò lè sùn sórí ilẹ̀ mìíràn, a ó bẹ̀rù rẹ̀, a ó sì káàánú rẹ̀ láìsí Elisabeta. Nítorí náà, bí àwọn ará wa níbí bá bi mí, mo máa ń ní kí wọ́n wò ó fún aṣọ àti òjìji náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka orí mẹ́rin àkọ́kọ́ ìwé náà ná.