Họlidé Àjíǹde l'Ábẹ́òkúta: ẹ̀lú, láfún àti ẹ̀yìnkùlé kan

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ná. Ooru tó máa ń ti ara àpáta jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun tí a lè mú ọmọdé lọ bá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àsìkò họlidé Àjíǹde ni mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dání, nígbà tí mo gbọ́ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan níbẹ̀ ń kó àwọn ọmọdé jọ láti fi iṣẹ́ ọnà, sáyẹ́ǹsì àti àṣà hàn wọ́n.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Móníyà, n'Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ tí a bọ́ sílẹ̀ sí, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló ń jẹ́, ọmọ tí wọ́n bí sílùú náà, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986. Ẹ mú owó takisí dání o, ibẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú.

Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kò gbà wá lákòókò. Àwòrán Olúmọ wà níbẹ̀, àti ìtàn bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe tẹ̀ dó sábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1830. Àwòrán àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí lórí ọ̀rọ̀ owó orí náà wà lára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lẹ ìtàn Ìwé Ìròhìn mọ́, èyí tí Henry Townsend dá sílẹ̀ lọ́dún 1859 kí àwọn Ẹ̀gbá lè máa ka ìròyìn lédè tiwọn. Èdè wo ni wọ́n wá fi kọ ìtàn ìwé ìròyìn Yorùbá yìí sára ògiri? Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé! Mo wo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó dúró kà á.

Ẹ̀yìnkùlé ni ayé wà. Màmá aláró kan jókòó ti ìkòkò rẹ̀, òórùn tó ń ti inú ìkòkò náà jáde sì mú kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ bo imú. Màmá ò bínú. Ó fi ìṣù ẹ̀lú hàn wọ́n: ewé tútù tí wọ́n gún lódó, tí wọ́n mọ rìbìtì, tí wọ́n sì sá gbẹ. Ó fi ìkòkò tó nídìí lílu hàn wọ́n, èyí tí wọ́n ń da omi sí lórí eérú kó lè máa ro tó-tó-tó. Omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti bébà pupa kékeré kan bọ inú omi eérú, bébà náà sì di aláwọ̀ búlúù, àmì pé omi náà kì í ṣe ásíìdì, òdìkejì rẹ̀ ni. Ó ní àwọ̀ ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó wà nínú ìkòkò tó ti kan náà, ló ń lo ọ́síjìn inú ìkòkò tán, tí wọ́n sì ń yí àwọ̀ náà padà, ìgbà náà ló tó lè yòrò wọnú òwú. Bí aṣọ bá ti jáde, tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá a, àwọ̀ náà á padà di búlúù, á sì há sínú òwú.

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Màmá ti fa aṣọ yọ. Aṣọ ọ̀hún rí bí ewé tútù! Lójú wa níbẹ̀, àwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dú láti etí dé àárín, ó di búlúù. Àwọn ọmọ pariwo. Màmá ní, "Àwọn ìyá wa ò gbọ́ orúkọ ọ́síjìn rí o, àmọ́ kò sí èyí tí kò mọ̀ pé aṣọ tí kò bá rí atẹ́gùn ò lè dúdú." Ó tún tì í bọ aró. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó, bí wọ́n bá ṣe ń rẹ ẹ́ tí wọ́n ń sá a ni yóò máa dúdú sí i.

Ìgbà tó kan àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ẹ̀kọ funfun inú abọ́ náà.

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe láfún tí a jẹ lẹ́ẹ̀kan nìyí?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Láfún ni, ọmọ mi. Àmọ́ má tọ́ tèyí wò, álọ́ọ̀mù wà níbẹ̀." Ibi tí ẹ̀kọ bá ti dé lára aṣọ ni aró kò ní mú. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti mọ àwọn ọkùnrin tó ń gé páànù ní batànì láti fi tẹ̀ ẹ́. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin Ìbàdàn tiwa fi ń yà á. Mo rí Ìbàdàndùn, batànì àdìrẹ tiwa, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, òpó gbọ̀ngàn Mápó duro gbọnin lára rẹ̀, mo sì yan fanda díẹ̀. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nílé onílé?

Tíṣà náà mẹ́nu ba sódà, èyí tó rọ́pò omi eérú. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ sódà dá wàhálà sílẹ̀ títí dé ààfin Aláké, wọ́n sì fòfin dè é fún ìgbà díẹ̀ torí wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fi ìtàn yẹn sára ògiri, lédè Yorùbá.

A gba Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, kọjá kí a tó padà. Kàm̀pálà olóríṣiríṣi àwọ̀ ló kún ibẹ̀, ẹlẹ́lùú gidi ò wọ́pọ̀, ó sì wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun. Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí ẹ̀yìn bá ṣì jù ojú lọ fíìfíì, kò mọ ìkòkò aró rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń yí gbogbo rẹ̀ wò, tó ń bi ìyá ọlọ́jà bóyá ẹ̀lú ni tàbí sódà, títí ìyá náà fi dín owó rẹ̀ kù, tó sì ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun kó máa bá òun tajà.