Ojú ọmọdé ló wà nínú fọ́tò náà

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní ọmọ tó ń sún mọ́ ọdún 18 nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí kí ẹ wò ó dáadáa, kí ọjọ́ ìdìbò tó dé.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi kọ́gbọ́n, níbí ní Kétu, ní Benin. Ọdún 2004 la bí i. Nígbà tí àwọn RAVIP, ìyẹn àwọn tí ìjọba rán láti forúkọ gbogbo aráàlú sílẹ̀, ń ya fọ́tò gbogbo ilé, ọmọ ọdún 13 ni, orí fífá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíkún. Fọ́tò yẹn ló jáde lórí CIP, bébà ìdánimọ̀ tí ANIP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀, fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2023, tí a ń dìbò aṣòfin, ó ti di géńdé onírùngbọ̀n.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rọ tí tàdáwà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ni wọ́n fi tẹ CIP náà fún un. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò ṣòkòtò, òógùn sì pa ibi fọ́tò rẹ́. Níbi ìdìbò, ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo bébà, ó wo ojú rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe àbúrò rẹ ló nìwé yìí?"

"Èmi ni, àǹtí."

Wọn ò gbà á. Ọjọ́ Àìkú ni, kò sí ibi ìtẹ̀wé tó ṣí. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin tí ìdìbò parí, orí àga gbọọrọ níwájú ilé ló jókòó sí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dùn mí dénú, torí mo rí bébà yẹn lóṣù tó ṣáájú, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ẹ wo orúkọ náà. Lọ́dọ̀ wa níbí, Adétutù kan náà á jẹ́ Adétoutou nínú ìwé ìbí, á tún jẹ́ Adetutu nínú ìwé ilé-ìwé, pàápàá fún ọmọ tó bá ti kàwé ní Nàìjíríà rí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá ti ìwé ìbí mu. Ọmọ tí kò bá ní ìwé ìbí rárá, ilé ẹjọ́ Pọ́bẹ̀ ni àwa ará Kétu ń lọ. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ó máa ń pẹ́.

Mo mú àbúrò mi lọ ya fọ́tò tuntun, ó sì gba káàdì ìdánimọ̀ oníke. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 2026, tí a tún ń dìbò, kò pẹ́ rárá tó fi jáde. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti na ìka rẹ̀ sí mi, tàdáwà rẹ̀ ò tíì gbẹ.