Ọdún tí igun kan gbà lọ́wọ́ mi

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí kí n to oṣù méjìlá lẹ́sẹẹsẹ bí mo ti ṣe lọ́dún tó kọjá. Kò sí i o. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, igun kan ṣoṣo ni mò ń rí: igun inú irin onírìísí L tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò gba ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ọ. Oṣù Kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ finite element, Oṣù Kẹrin ni mo pàdé igun náà, àwọn oṣù tó kù bá omi lọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ohun tí ìrísí rẹ̀ kò ṣe é fi fọ́múlà kan ṣoṣo ṣírò, a ó gé e sí wẹ́wẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni element, ibi tí wọ́n ti so kọ́ra ni node, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni mesh. Ìṣirò element kan ṣoṣo kò le. A ó kó ti gbogbo wọn jọ sínú matrix ńlá kan, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà á sọ bí node kọ̀ọ̀kan ṣe sún tó, láti ibẹ̀ la ó ti mọ stress, ìyẹn bí agbára tó ń fa ibì kọ̀ọ̀kan tàbí tó ń fún un pọ̀ ṣe pọ̀ tó. Courant ti lo onígun mẹ́ta báyìí lọ́dún 1943. Turner, Clough, Martin àti Topp gbé tiwọn jáde ní 1956 nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, Clough sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1960. Mo mọ ìtàn yìí ju bí mo ṣe mọ iṣẹ́ náà lọ, nítorí ìtàn kì í béèrè integral lọ́wọ́ ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí iṣẹ́ yìí ló ní kí n kọ́kọ́ ṣe pátákó irin tó ní ihò róbótó láàárín, torí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kirsch ti ṣírò rẹ̀ láti 1898: bí a bá fa pátákó tó fẹ̀ dáadáa, stress etí ihò á tó ìlọ́po mẹ́ta ti ibi tó jìnnà sí i. Mesh mi àkọ́kọ́ kò dé ibẹ̀. Mo gé e wẹ́wẹ́ sí i, ó sún mọ́ 3. Mo tún gé e, ó dúró sojú kan. Mo bá fi àwòrán pupa, yẹ́lò àti búlúù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. (Ẹ̀yin tí kò fẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ fara dà á.)

Igun dé. Mo gé e wẹ́wẹ́, stress ga. Mo tún gé e, ó tún ga. Kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹhẹlẹ, èmi náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, nọ́ńbà ò dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe Ẹ̀gbọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irin yìí ti ya wèrè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Kò ya wèrè. Ohun tí o bi í ló ń dá ọ lóhùn. Igun tó mú ṣánṣán, tí kò ní ìyípo kankan, lo yà fún un. Nínú irú ìṣirò tí ò ń lò yẹn, stress ibẹ̀ kò lópin. Àìlópin lò ń gé sún mọ́."

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Irin gidi máa ń ní ìyípo díẹ̀ nínú igun, bí agbára bá sì pọ̀ jù, á tẹ̀ díẹ̀ kó tó ya. Ìṣirò mi ò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo fi ìyípo tí ẹ̀rọ ìgérin máa ń fi sílẹ̀ sí i, mo tún un gé, nọ́ńbà náà sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí n yọ̀ pẹ́. Ìtàn Sleipner A ni wọ́n fi lé e: pèpéle kọnkéré fún iṣẹ́ epo tó rì sínú Gandsfjorden ní Norway, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1991, nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Mesh ibi tí ògiri ti pàdé ògiri kò dára tó, wọ́n sì fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún fojú kéré stress ibẹ̀. Àdánù náà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 700 dọ́là. Àwọn tó tún un ṣírò dáadáa lẹ́yìn náà rí i pé ó yẹ kó fọ́ ní jíjìn mítà 62. Mítà 65 ló ti fọ́. Iṣẹ́ kan náà ni o: tèmi fún mi ní nọ́ńbà tó pọ̀ jù, tiwọn fún wọn ní èyí tó kéré jù, àwòrán méjèèjì á sì dára lójú. Láti ọjọ́ náà ni òfin Ẹ̀gbọ́n ti di dandan: kọ iye tí o rò sílẹ̀ kí o tó tẹ bọ́tìnnì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, ẹ ti gbọ́, mi ò ní tún un sọ. Ẹ ṣeun fún gbogbo ìpè yín. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìkẹyìn tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni "Ṣé ó ti dúró?" Nọ́ńbà ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe èmi. Èmi ò tíì dúró. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa element.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe lẹ́yìn náà rọrùn: irin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 50, a dè é mọ́ ògiri lápá kan, a fi ẹrù 1000 N (newton) sí orí kejì. Mo fọwọ́ ṣírò rẹ̀: orí yẹn á tẹ̀ wálẹ̀ ní mílímítà 3.05. Kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà tí kò tó ìdajì rẹ̀ wá, láìtijú. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn ò sọ ohun tí abèèrè ń ṣe bí ẹni tí à ń bi ò bá sí mọ́. Mo ti gbé fóònù kí n tó rántí.

Mo wá a fúnra mi. Element onígun mẹ́ta tí mo lò, tí node rẹ̀ wà ní orí igun nìkan, ìpele kan ṣoṣo, kò mọ bí a ṣe ń tẹ̀: stress inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtẹ̀wálẹ̀ gan-an ni kí òkè máa fà, kí ìsàlẹ̀ máa fún pọ̀. Wọ́n wá le gbagidi. Mo lo àwọn tó ní node láàárín etí, nọ́ńbà sì wá sẹ́bàá 3.05. Bí kì í bá ṣe iye tí mo ti kọ sílẹ̀, ǹ bá ti gba irọ́ yẹn gbọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi bọ́tìnnì han ènìyàn láìsọ èyí, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ẹ ò ràn wá lọ́wọ́.

Àwọn tó ràn mí lọ́wọ́ ni àwọn tó kọ CalculiX, ètò kọ̀ǹpútà fún irú ìṣirò yìí, àti EDF, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ilẹ̀ Faransé, tó ń fún aráyé ní irú ètò bẹ́ẹ̀, Code_Aster, lọ́fẹ̀ẹ́. Àti Àǹtí, tó kó ìwé ìṣirò Ẹ̀gbọ́n fún mi. Mò ń kà á. Ẹni tó ń bá gbogbo wa jà pé ká kọ ọ́ kó hàn, 1 àti 7 wọn ò yàtọ̀ síra! Mo ti tún àwọn ìṣirò kan ṣe kí n lè mọ èwo ni wọ́n kọ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà, irin tó ń kan irin ni mo fẹ́ kọ́, pẹ̀lú bóólúùtì. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á máa gbìyànjú, á máa tún un ṣe, nígbà mìíràn á kọ̀ jálẹ̀. Mi ò ṣèlérí kankan. Bóólúùtì mẹ́rin ló wà lára èyí tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ iye tí mo rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé sílẹ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ fún yín.