Àpáàdì oko bàbá mi: ọ̀rá ló ń gbé sílíkọ́nì mì

Mo ti rí i! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ìṣòro yìí fà á, ìrọ̀lẹ́ àná ló tó yé mi, inú mi sì dùn débi pé mi ò lè sùn kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ibi tí a bá iṣẹ́ dé. Àpáàdì 14 ni ọkọ́ hú jáde níbi tí a ti ń kọ ebè lóko bàbá mi, lọ́nà Ìsàn-Èkìtì. Ìlú amọ̀kòkò ni Ìsàn, Yèyé, amọ̀kòkò kan níbẹ̀, sì ti bù fún mi nínú amọ̀ tí òun fi ń mọ ìkòkò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé amọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ àwọn ìkòkò tó fọ́ sóko wa? Mo ti fọ àpáàdì, mo ti sá amọ̀, mo ti gún un, mo ti jọ̀ ọ́. Asẹ́ gàrí kò ṣe é jọ̀ ọ́ o, ojú rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Asẹ́ 60 mesh, tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.25 mílímítà, ni kí ẹ wá. Owó mi lọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Ìbọn XRF, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ka iye èròjà bí irin àti sílíkọ́nì nínú nǹkan, ni mo fi ń wo bóyá amọ̀ àti àpáàdì bára mu. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kùsà ló yá mi, ó sì ń padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Orí ìdúró ni mo ń gbé e sí. Mi ò fọwọ́ di àpáàdì mú níwájú rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ọmọdé kankan wọ yàrá náà bí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Wàhálà tó bá mi nìyí. Irin inú amọ̀ Yèyé àti irin inú àpáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n sílíkọ́nì amọ̀ kò tó ìdajì ti àpáàdì. Alumíníọ̀mù tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ́kọ́ ní a jẹ́ pé amọ̀ ibòmíràn ni. Ọkàn mi kò gbà á. Iná ń lé omi jáde lára amọ̀, ìyẹn lè gbé sílíkọ́nì sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo wá fura sí omi, torí òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tí mo sá amọ̀, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ tútù máa ń fa gbogbo kíkà wálẹ̀. Mo da ìyẹ̀fun amọ̀ sínú agbada, mo fi iná jẹ́jẹ́ yan án títí ó fi gbẹ fúyẹ́fúyẹ́. Sílíkọ́nì sún sókè díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lánàá ni ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí mo di amọ̀ sí bẹ́. Láti má fi àkókò ṣòfò, mo tẹ ìyẹ̀fun náà mọ́ inú ìdérí ìgò, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, mo wá kọ imú ìbọn sí i láti òkè láìfi nǹkan kan bò ó. Sílíkọ́nì fò sókè! Mo jókòó, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni. Mo gé ọ̀rá ẹ̀pà bò ó lójú ní ìpele kan: ó já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Mo fi ìpele kejì lé e: díẹ̀ ló kù. Ní gbogbo ìgbà yẹn irin kò mira, zirconium, èròjà mìíràn tí ìbọn ń kà, kò sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Àpáàdì, láìfi nǹkan kan bò ó ni mo ń kà á. Amọ̀, inú ọ̀rá ni mo ti ń kà á. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ náà ti wá. Bí X-ray ìbọn bá ba nǹkan, èròjà kọ̀ọ̀kan a dá ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ padà: agbára ti irin jẹ́ 6.4 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára X-ray), ti zirconium jẹ́ bíi 15.8, ti sílíkọ́nì kò ju 1.74 lọ, ti alumíníọ̀mù sì tún kéré sí i. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré kì í rìn jìnnà. Ọ̀rá lè gbé e mì, afẹ́fẹ́ pàápàá lè gbé e mì. Àlàfo mílímítà kan péré láàárín imú ìbọn àti àpáàdì ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ sílíkọ́nì.

Ọ̀rọ̀ àlàfo yìí ló tún já mi sí àpáàdì kẹsàn-án, èjìká ìkòkò, tó tẹ̀ kọrọdọ. Wọ́n yí ṣúkù àgbàdo lára rẹ̀ nígbà tó wà ní tútù, ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, ihò ibi tí ẹyọ àgbàdo ti ṣí wà ní ìlà-ìlà. Bí mo bá fi ìka rìn ín, mo lè kà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, nítorí náà ìkòkò yẹn kò lè ju ọdún 1492, tí Columbus dé ibẹ̀, lọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ojú bẹ́ẹ̀ kò lè fara mọ́ imú ìbọn dáadáa. Mo ti ń ronú pé kí n lọ etí rẹ̀ lórí òkúta kó tẹ́jú. Mi ò ní ṣe é. Ibi tó kán ni màá máa kà, níbi tí èérí ilẹ̀ kò sí.

Mo sì ti yí ètò padà. Sílíkọ́nì àti alumíníọ̀mù kò ní jẹ́ ẹlẹ́rìí mọ́. Èròjà rubidium, strontium àti zirconium ni màá gbé lé, ìmọ́lẹ̀ tiwọn lágbára, ó sì lè ti inú àpáàdì tó bíi mílímítà kan wá. Kíka èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ilẹ̀ dúdú ìdí ààtàn àtijọ́, tí mo ṣèlérí fún yín, ó di ọjọ́ mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà kò ju 2.01 keV lọ, inú ọ̀rá sì ni ilẹ̀ yẹn wà. Ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí, oní máíkírómítà mẹ́rin, kò sí ní Adó. Ẹni tó ń tà á l'Ékòó fi èyí tó nípọn ránṣẹ́ sí mi, ó ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo pe Yèyé láàárọ̀ yìí, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé amọ̀ nìkan la fi ń mọ ìkòkò? Bí a ò bá po iyanrìn mọ́ ọn, yóò là nínú iná." Àyà mi já. Inú iyanrìn ni zirconium máa ń pọ̀ sí! Amọ̀ tí kò ní iyanrìn ni mo ti ń fi wé ìkòkò láti ọjọ́ yìí.

Màá gbé abọ́ lọ sí Ìsàn lọ́la, kí Yèyé bá mi po amọ̀ bí wọ́n ṣe ń pò ó gan-an. Ègé pẹlẹbẹ márùn-ún ni màá mọ, wọn yóò bá ìkòkò rẹ̀ wọná lọ́jọ́rú, màá sì kà wọ́n lọ́jọ́bọ̀ kí ìbọn tó kúrò lọ́wọ́ mi.