Èébì Dúró, Ìgbẹ́ Ọmọ Mi Ò Dúró

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú un ní abà wa lọ́nà Ìgbọ́ọrà. Lọ́jọ́ kẹta, èébì dúró, ara rẹ̀ ò gbóná mọ́. Ìgbẹ́ ò dúró ní tiẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹwàá, ó ṣì ń ya omi tó ń hó, tó ń rùn kíkan, ìdí ọmọ ti bó.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, eyín ló ń hù." Ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Èmi náà ò gbọ́n jù wọ́n lọ: mo ra Flagyl olómi, mo sì ń da mílíìkì alágolo sínú ẹ̀kọ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ara tó ti rù lè padà.

Mílíìkì yẹn gan-an ni. Nọ́ọ̀sì tó ń wá fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ ló là á yé mi: fáírọ́ọ̀sì (kòkòrò àìfojúrí) bíi rotavirus tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru a máa bó ara ìfun, ibẹ̀ sì ni ohun tó ń da ṣúgà inú mílíìkì wà. Bí kò bá tíì jinná, mílíìkì á kọjá láìdà, á máa fa omi wá. Flagyl ò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì.

Ó ní kí n má já a lẹ́nu ọmú rárá, kí n fi ẹ̀wà lílọ̀ àti epo díẹ̀ rọ́pò mílíìkì inú ẹ̀kọ. ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n ń pò mómi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, ò sí lábà, nítorí náà a ya píọ̀ 50cl méjì sínú ife ńlá: ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, ká fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fún un. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù.

Ó tún ní kí n fún un ní oògùn síǹkì, 20mg lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọjọ́ kẹrin tí ìgbẹ́ ki ni mo dáwọ́ rẹ̀ dúró, mo tọ́jú ìyókù de ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ọ̀sì bínú sí mi gan-an: oògùn náà ń ṣọ́ ọmọ fún oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, bẹ́ ẹ bá lò ó tán.

Láti 2022 ni àjẹsára rotavirus ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n ń kán an sọ́mọ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Mo fo méjì nítorí owó ọ̀kadà.

Bójú ọmọ bá jìn, bí kò lè mu omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ó ti kọjá ọjọ́ 14, ẹ má dúró de ọkọ̀ ọjọ́ ọjà. Ẹ gun ọ̀kadà yẹn.