Kí ẹ tó sọ pé ẹ́ńsáímù ti kú: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí CD16 eku

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rí ọ̀kan nínú yín tó fẹ́ da PI-PLC, ẹ́ńsáímù tó ń gé ìdákọ̀ró ọ̀rá tí à ń pè ní GPI, nù nítorí pé CD16, purotéènì kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì, kò kúrò lára neutrophil (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan) ti eku. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Èkínní, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Lára neutrophil ènìyàn, CD16b ló pọ̀ jù nínú àwọn receptor (purotéènì tó ń gba nǹkan mú lára sẹ́ẹ̀lì) tó ń di IgG, èròjà agbógun-ti-àrùn inú ẹ̀jẹ̀, mú. Kò ní ìrù tó wọnú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rá GPI ló fi rọ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì látìta. CD16a tó wà lára sẹ́ẹ̀lì NK (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn) ní tirẹ̀ la inú awọ náà kọjá. Amino acid kan ṣoṣo ló pín wọn níyà níbẹ̀: ní ipò 203, serine ni ti CD16b, phenylalanine ni ti CD16a. Eku kò ní CD16b rárá. CD16 tirẹ̀ la awọ kọjá, òun àti purotéènì kejì, γ-chain, ló sì jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ni PI-PLC fẹ́ gé níbẹ̀?

Èkejì, nínú túùbù kan náà, ẹ fi ohun tó dá yín lójú pé ó ní GPI sí i. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní ipò yín, ní láàbù kan tí n kò ní dárúkọ, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n fi PI-PLC bọ́ CD16 kúrò lára neutrophil eku. Kò bọ́. Ọ̀gá wa ní ẹ́ńsáímù ti kú, wọ́n ra òmíràn. Kò bọ́. Wọ́n ní ọwọ́ mi ni kò mọ́ṣẹ́. Mo tẹ́ ìtò amino acid ti eku àti ti ènìyàn síwájú wọn, wọn ò tiẹ̀ bojú wò ó. Owó ìwádìí wa bá ẹ́ńsáímù tí kò ṣàìsàn lọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi fún ẹlòmíràn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo da sẹ́ẹ̀lì T eku pọ̀ mọ́ neutrophil náà, mo fi PI-PLC tí wọ́n ní ó ti kú sí i. Thy-1, tó fi GPI rọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì T, bọ́ dànù. CD16 kò mira. Àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú! Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ mí títí dòní. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà tọ̀nà, n kò sì ní yé sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má wá fò sí òdìkejì, kí ẹ máa sọ pé ohun tí PI-PLC kò bá gé kò ní GPI. Acetylcholinesterase, purotéènì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ènìyàn, ní GPI, síbẹ̀ PI-PLC kì í rí i gé, nítorí pé palmitate, ọ̀rá oní-carbon 16, ti lẹ̀ mọ́ inositol, ẹ̀yà GPI tí PI-PLC ti ń gé e. Ti màlúù kò ní palmitate yẹn, PI-PLC kan náà sì ń gé e. Purotéènì kan náà ni o, GPI ni ìdákọ̀ró méjèèjì, ẹ̀dá ló yàtọ̀. Tí irú èyí bá dé bá yín, nitrous acid ni kí ẹ lò: ibi glucosamine, ṣúgà kan nínú GPI, ló ti máa ń já a, ìbáà jẹ́ inositol ní palmitate, ìbáà má ní.