Wolé-wolé ọmọ wolé-wolé

Ọ̀gá mi bá mi wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹ̀rín ló sì fi bá mi wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba yìí mọ irú ẹ̀rín yẹn: eyín nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ojú ò dá sí i. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ ilé oúnjẹ mẹ́rin mẹ́rin lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi wọ ẹyọ kan. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ ni wọ́n gbà mí fún.

Ọmọ tí mo lè bí ni o, orúkọ rẹ̀ gan-an la sì ń pè é. Ká ní Iléṣà ni, igbe ni ọ̀gá ìbá fi bá mi wí, gbogbo ọ́fíìsì á gbọ́, ìyá tó ń ta gúgúrú lẹ́nu géètì á wọlé wá bá mi bẹ̀ ẹ́, ó parí. Ti ibí, kó o tó dé ìdí tábìlì rẹ, ímeèlì ti ṣáájú ẹ débẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ iṣẹ́ mi: wolé-wolé ni mí. Wọ́n fún un lórúkọ gígùn kan tó ń kún ẹnu níbí, àmọ́ wolé-wolé náà ni. Kánsù ìlú kan ní àríwá Ẹ́ńgláǹdì ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń dáàbò bo ará ìlú. Àwa tá à ń wo oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fún ilé ọtí ní láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀, àwọn tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò náà sì wà níbẹ̀. Àwọn olóṣùwọ̀n yìí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n gbé irin òṣùwọ̀n jáde, tí wọ́n fi ń yẹ síkéèlì alápatà kan wò, àwọn ìyá wa l'Ọ́jà Atákúnmọ́sà ni mo rántí, àwọn tí wọ́n ti fi òòlù bá ìdí kóńgò sọ̀rọ̀ títí ìdí ẹ̀ fi wọnú ikùn lọ. Òfin òṣùwọ̀n 1985 ni wọ́n ń lò níbí. Tí wọ́n bá gbé e dé Atákúnmọ́sà, àtìmọ́lé la ó ti máa lọ ra ẹ̀wà.

Fúríìjì, ṣíńkì àti ẹ̀yìn sítóòfù ni tèmi. Ẹ ti rí sítíkà aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, láti 0 dé 5. Ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀. Ní Wales, láti 2013 ló ti di dandan kí olóúnjẹ lẹ̀ ẹ́ síta. Ní Ẹ́ńgláǹdì, ẹni tó bá wù ló ń lẹ̀ ẹ́, ẹni tó gba 1 sì mọ ibi tó tọ́jú tiẹ̀ sí. Ohun mẹ́ta là ń wò: bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ, bí ilé náà ṣe rí, àti bóyá ẹni tó ni ín ṣeé fọkàn tán. Àṣìṣe là ń ka máàkì fún. Ẹni tí máàkì ẹ̀ kọjá 50 ló ń gba 0, ẹni tó fẹ́ 5 kò gbọdọ̀ ju 15 lọ. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ẹni tó gba òdo yẹn ò wá ṣẹ̀ rárá nìyẹn?"

Àwọn ilé tó léwu jù, oṣù mẹ́fà mẹ́fà là ń padà lọ. Àwọn tí kò léwu, ó lè tó ọdún mẹ́ta. Tí oṣù Kẹta bá ti parí, wọ́n á ka mélòó ló yẹ ká wọ̀, mélòó la wọ̀. Nígbà kan, láti 2008, ìjọba ní nǹkan 198 tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ kánsù, wọ́n tiẹ̀ ń ka iye ilé oúnjẹ tó ń pa òfin mọ́ dáadáa nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2010 wọ́n kéde pé àwọn ń pa á rẹ́. Kíkà ò dáwọ́ dúró ṣá.

Ilé kan ṣoṣo tí mo wọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá kan ló ni ín, ìrẹsì ló ń tà. Ìkòkò ńlá wà nílẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Mo ki tẹmómítà bọ̀ ọ́: 41. Òfin ní tó o bá fẹ́ kó gbóná, kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 63. Tó o bá fẹ́ kó tutù, kò gbọdọ̀ ju 8 lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè ò pa. Tí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí, á jí, á tu oró síbẹ̀, o ò sì lè gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kí oró náà lọ. Ọwọ́ ìyá yìí ń gbọ̀n. Mo lè kọ máàkì sílẹ̀ kí n máa bá tèmi lọ. Mo ní kó wá tíréè pẹrẹsẹ, a jọ tẹ́ ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì dúró kó fojú ara ẹ̀ rí bó ṣe ń yára tutù. Wákàtí mẹ́ta.

Bàbá mi náà, wolé-wolé ni. Ìṣokùn la gbé. Ẹ mọ káàkì yẹn, ẹ mọ kẹ̀kẹ́ yẹn. "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" ni wọ́n ń ké ládùúgbò, àwọn obìnrin á sì máa da omi àmù nù kó tó dé. Kọ́ọ̀pù tánganran funfun ló ń mú dání. Á bu omi àmù sí i, á gbé e sún mọ́ ojú onílé: "Kí lẹ rí níbẹ̀?" Tanwíji á máa jó nínú ẹ̀. Kò ní í kọ sàmọ́ǹsì. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì," ló máa sọ, á sì padà wá lọ́jọ́ Ẹtì lóòótọ́, nígbà míì á padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má sọ fún mi pé òfin ò sí nílé. Ìwé òfin 1999, Àfikún Kẹrin, ọwọ́ kánsù ló fi ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ọjà àti ibi ìpẹran sí. Ohun tí wọ́n ń bi bàbá mi ní òpin oṣù ni: ẹni mélòó lo gbé lọ sí kóòtù, èló ni owó ìtanràn? Tiẹ̀ kì í pọ̀. Ni wọ́n bá sọ pé ẹ̀gúnjẹ ló ń gbà. Ẹni tó ń kọ ogún lóṣù gba ìgbéga lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwé wa.

Alẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Mo ní, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni?" Iyán ló ń jẹ, ó kù ju ìdajì lọ. Ó wo ojú mi, ó fa abọ́ omi mọ́ra, ó ṣanwọ́. Ìjẹ̀ṣà ni wá o. Iyán gbígbóná, Ìjẹ̀ṣà sì ṣanwọ́ kúrò níbẹ̀. Kò dá mi lóhùn títí ó fi kú, èmi náà ò sì tún bi í mọ́.

Ìwé mi wà lọ́wọ́ àwọn onífísà nígbà tó kú, mi ò lè jáde. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ kí wọ́n tó dé ìdí kòtò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ní kí màmá mi bá mi tọ́jú àwọn ìwé ńlá tó ń kọ orúkọ onílé sí, ọjọ́ tó lọ, ọjọ́ tó padà lọ. Wọ́n ní àwọn ti kó o fún alákàrà. Bàbá mi tó jẹ́ pé ó ti lè bá ọ jà títí ilẹ̀ á fi ṣú nítorí pé o fi bébà tí wọ́n kọ̀wé sí di àkàrà.

Ímeèlì ọ̀gá mi ní àyè kékeré kan tí mo ti máa ṣàlàyé ohun tí mo fi wákàtí mẹ́ta ṣe. Mo jókòó tì í títí gbogbo wọn fi lọ ilé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo dúró kí ìrẹsì tutù.

Kò tíì fèsì.